Nánì Tó Fi Àpólò Pamọ́

Ara Naomi le kokooko ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ ní aláìsàn.

Ìwàrò-Ọ̀kà ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àràárọ̀ ló sì ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìkàrẹ́, níbi tó ti ń ṣe nánì fún Caleb, ọmọ tíṣà kan tó ń jẹ́ Fúnminíyì. Aláàánú ni tíṣà yìí. Ó ti sọ fún Naomi pé ọjọ́kọ́jọ́ tí ara rẹ̀ ò bá yá, kó jókòó sílé, owó oṣù rẹ̀ á pé.

Naomi gba àánú yìí, ó fi ń ṣe fàájì. Bó bá fẹ́ di irun, orí a máa fọ́ ọ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń sọmọ lórúkọ ní Ṣúpárè, inú a máa run ún. Á gbé fóònù, á rọ ohùn sílẹ̀ bí arúgbó, á ní, "Mọ́mì Caleb, mi ò lè dìde o." Ó ní ọjọ́ àìsàn òun ni, òun ò jí ti ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ló ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ó gbàgbé pé bí nánì bá jókòó sílé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé ọmọ. Happiness ni tíṣà máa ń pè, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Òun àti Naomi jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

Nígbà tí Naomi ti Ṣúpárè dé, ó na ọwọ́ sí Caleb. Ọmọ yí orí padà, ó nawọ́ sí ìta. "Àpí!" ló ń kígbe. "Àpí!" Happiness ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Naomi wọra. Òun tó ń fọ ìdí rẹ̀, òun tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún un lógì tí kò fi ní bì, òun lọmọ kọ̀! Láti ọjọ́ náà ni owú ti gba inú rẹ̀ kan. Bí Happiness bá rẹ́rìn-ín, inú a bí i. Bí Fúnminíyì bá ní, "Happiness mà mọ ọmọ pọ̀n o," oúnjẹ ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Bí wọ́n bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn Happiness ló ń wò, ẹ̀yìn tí Caleb ń sùn lé. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Naomi rù títí ìyá rẹ̀ fi ń béèrè ohun tó ń ṣe é.

Ó wá búra pé òun ò ní pa ibi iṣẹ́ jẹ mọ́, kí Happiness má bàa ráyè.

Kò pẹ́ ni Àpólò, àrùn ojú tó ń ràn, gba ìlú. Naomi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ipin ti lẹ ojú rẹ̀ pọ̀, ojú náà pọ́n bí ata, ó sì ń ta á. Àìsàn gidi dé. Nítorí irú ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n ṣe fún un láyè. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó sílé, ẹ̀yìn ta ni Caleb máa wà? Ó fi awò dúdú bojú, ó gun ọ̀kadà.

"Eruku ló kó sí mi lójú," ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ le, ó ní òun ń ṣàìsàn. Nígbà tí àìsàn dé, ó ní ara òun le.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ojú Caleb ti wú, ó ti dì. Nọ́ọ̀sì fún un lóògùn, ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ dáadáa kó má bàa ba ẹyin ojú jẹ́. Fúnminíyì sunkún, ó béèrè ẹni tó kó o ran ọmọ òun.

"Happiness ni," Naomi dáhùn wéré. "Ó ń nu ojú lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó gbé e ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n lé Happiness jáde bí ẹni lé ewúrẹ́. Ojú Naomi tó pọ́n, wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ eruku gbọ́, gbogbo ènìyàn rò pé lára Caleb ló ti wá kó Àpólò, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ó rò pé inú òun máa dùn. Inú rẹ̀ ò dùn. Bó ṣe ń jáde, Caleb ń fọwọ́ tá ògiri, kò ríran, ó ṣì ń pe "Àpí."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wọn ní Ìwàrò. Happiness ni.

"Mo gbé ògì wá. Mo gbọ́ pé ojú ṣì ń dùn ẹ́."

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ẹ ni?"

"Mo gbọ́. Mo sì rí ẹ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú awò dúdú, kí ojú Caleb tó bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo máa sọ ọ́. Mo bínú o, mi ò ní tàn ẹ́. Bó o bá fẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ṣé o ò lẹ́nu láti tọrọ ẹ̀ ni? Irọ́ kékeré lo kọ́kọ́ pọ̀n, ó ti dàgbà, ó fẹ́ fọ́ ọmọ lójú báyìí." Ó gbé ògì kalẹ̀. "Àpólò máa lọ, Naomi. Ọkàn ẹ ló ń ṣàìsàn, o sì ń sọ fún Jésù pé eruku ni. Nítorí aláìsàn ló ṣe wá, aláìsàn náà ló torí ẹ̀ kú. Sọ ohun tó ń ṣe ẹ́ fún un."

Naomi kúnlẹ̀ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Àdúrà rẹ̀ ò gùn. "Olúwa, ara mi ò dá. Òpùrọ́ ni mí. Òjòwú ni mí. Gbà mí." Omijé ta ojú rẹ̀ tó ń dùn ún, kò bìkítà. Àlàáfíà tí kò mọ̀ rí wọ inú rẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó kúnlẹ̀ níwájú Fúnminíyì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan irun àti ìsọmọlórúkọ. Tíṣà ní kó dìde.

"Èmi náà ò béèrè rí bóyá o fẹ́ ọjọ́ kan fún ara ẹ," ó ní. "Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Mo dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọmọ mi sọ́wọ́ ẹ mọ́."

Ó ránṣẹ́ pe Happiness, ó tọrọ àforíjì, ó sì fún un níṣẹ́ náà. Ojú Caleb ti ń là. Ó rí Happiness, ó ń jó. Naomi gbé e lé ẹ̀yìn Happiness, ó sì bá a so ọ̀já náà. Ó dúró kí owú ọjọ́sí ru sókè. Kò ru.

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, o lè má ṣe nánì. Bóyá ọjà lo ń tà n'Ìkàrẹ́, bóyá oko lo ń ro ní Etioro. Ta lo ń rí tí inú rẹ ń ru? Awò dúdú wo lo fi bojú, tí o ní eruku ni? Má dúró dìgbà tí àìsàn rẹ máa ran ọmọ ọlọ́mọ. Jésù kò lé aláìsàn kankan rí. Ẹni tó ní ara òun le nìkan ni kò rí ìwòsàn gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bọ́ awò náà lónìí. Níbi tí o jókòó sí yẹn, kí ìwé yìí tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, sọ fún un pé, "Olúwa, ara mi ò dá."