Òfì Mẹ́jọ, Ahunṣọ Kan

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí àláàtì owó ìrànwọ́ náà wọlé sórí fóònù Ìdùnnúolúwa, kò rí ẹni tí yóò fi hàn. Ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ahunṣọ wọn ní Kabba, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òfì mẹ́jọ ló dúró ti ògiri, òun nìkan ni alààyè tó wà níbẹ̀. Ayọ̀ tí èèyàn kò rí ẹni bá a yọ̀, ìbànújẹ́ ló jọ.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ ahunṣọ náà. Ìdùnnú àti Bíllíkísù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kéré jù, àwọn méjèèjì ló ń pín òfì kan lò. Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn méje yòókù bọ̀ láti ibi àfihàn aṣọ ní Mopa ló já sí kòtò, ẹnikẹ́ni kò yè. Ibà ló dá Ìdùnnú dúró sílé lọ́jọ́ náà, Bíllíkísù ló dúró tọ́jú rẹ̀. Ìyá Àgbà Elizabeth, tó tọ́ Ìdùnnú láti kékeré, wà nínú àwọn tó lọ.

Ẹgbẹ́ náà ní òfin kan. Bí ahunṣọ bá kú, wọ́n á gé òwú tó fi sílẹ̀ lórí òfì. Ẹnì kan á pe orúkọ rẹ̀, á ní, "A tú ọ sílẹ̀," ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn á sì dáhùn pé, "Máa lọ ire." Èèyàn kan kì í dá a ṣe. Bíllíkísù mú àlùmọ́gàjí wá, ṣùgbọ́n Ìdùnnú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú síta. Ó ní bí wọ́n bá gé òwú Ìyá Àgbà, kí ló kù fún òun láyé? Wọ́n bá ara wọn jà. Bíllíkísù bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Abuja, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, àjọ aláàánú kan kéde owó ìrànwọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kéékèèké. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè. Ìdùnnú kọ orúkọ tirẹ̀ nìkan, kò rí èsì. Ó tún kọ ọ́, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ìgbà náà ló gbọ́ nípa oníṣègùn kan ní Makutu tó ń jẹ́ Ọlọ́runlékè, tí wọ́n ní ó máa ń ṣí ọ̀nà owó fún èèyàn. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ni. Ti ọkùnrin yìí kò ro ó rárá.

Yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ti ilẹ̀kùn, Ìdùnnú kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Òórùn ẹ̀jẹ̀ àti epo tó ti bàjẹ́ gba imú rẹ̀. Ohun kan tó rọ̀, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, fara kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò láyà láti béèrè ohun tó jẹ́.

"Ìwọ ni ìkẹjọ," ọkùnrin náà wí. "Kọ orúkọ ẹni méje síbí. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló máa mú owó náà wá."

Ìdùnnú rò pé òun gbọ́n. Ta ló lè pa òkú? Ó fọwọ́ wá ìwé tí ọkùnrin náà nà sí i, ó kọ orúkọ àwọn méje tó kú sí ọ̀nà Mopa, Elizabeth ló fi ṣáájú. Ọlọ́runlékè fi ìka tọ àwọn orúkọ náà nínú òkùnkùn bí ẹni tó ń ríran.

"Ṣé ẹ ti tú àwọn wọ̀nyí sílẹ̀?"

Ìdùnnú fà sẹ́yìn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Kò burú. Ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ á yá ti ẹlòmíràn."

Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi abẹ́rẹ́ gún un ní ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀: "Ẹni a pè ní í jẹ́. Ẹni tó jẹ́ ní í wá. Ẹni tó wá kì í lọ lọ́wọ́ òfo."

Owó náà wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìka tí wọ́n gún bẹ̀rẹ̀ sí í yún Ìdùnnú. Ó rí òwú pupa kan tó yọ lábẹ́ èékánná, ó fà á. Òwú náà gùn tó apá rẹ̀, kò tán. Ó gbọ́ ọ tó ń rìn ní èjìká, tó ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú àyà rẹ̀. Nígbà tó fi eyín gé e, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń pariwo. Bó ṣe gbójú sókè, aṣọ pupa tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta wà lórí òfì Ìyá Àgbà, igi òfì sì ń lu òwú fúnra rẹ̀: gbì, gbì, gbì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ pupa ti wà lórí òfì àwọn méje tó kú. Ìdùnnú rù, ètè rẹ̀ funfun. Michael, òṣìṣẹ́ àjọ náà, wá láti Lokoja láti wo ẹgbẹ́ tí wọ́n fún lówó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí wọn bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kabba pé okun o, ẹ̀yin ìyá. Ó yà wọ́n ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí Ìdùnnú, ó sì lọ tayọ̀tayọ̀. Orí àpótí òfìfo ni Ìdùnnú ń wò ní gbogbo àkókò náà. Ó wá ṣí fọ́tò. Ìyá méje dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ wọn pupa dé ìgúnpá.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ó pe Bíllíkísù lórí fóònù.

"Ìdùnnú," ohùn náà wí kíá, "ojoojúmọ́ ni mo ń retí ìpè rẹ."

Ìdùnnú sunkún, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bíllíkísù kò bá a wí. Ó ní kó gbé fóònù sórí àpótí, kó mú àlùmọ́gàjí. Ìdùnnú pe orúkọ, ó gé òwú, ohùn láti Abuja dáhùn pé, "Máa lọ ire." Bí òwú kọ̀ọ̀kan ṣe ń já ni èémí ń padà sí i lára. Ó gé mẹ́fà.

"Ó ku ta ni?" Bíllíkísù béèrè.

Ọwọ́ tútù kan bà á lọ́rùn láti ẹ̀yìn. Ó ń rùn bí ẹlú tí wọ́n fi ń pa òwú láró. Ó kó irun Ìdùnnú jọ jẹ́jẹ́, bí Ìyá Àgbà ti máa ń ṣe nígbà tí Ìdùnnú wà ní kékeré.

"Jókòó, ọmọ mi. A ò tíì parí."

Ó pé ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan orí rẹ̀ kẹ́yìn. Ìdùnnú mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dájú. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó pa fóònù, ó jókòó.

Bíllíkísù dé ní ọjọ́ kejì. Aṣọ pupa kan ti parí lórí òfì Ìyá Àgbà, ó fẹ̀ tó láti bo èèyàn. Ìdùnnú fi orí ti igi òfì, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan nínú rẹ̀. Irun rẹ̀ ti di dídì, ó dára púpọ̀. Òwú kan ṣoṣo ló so ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ náà.

Bíllíkísù mú àlùmọ́gàjí nílẹ̀, ó gé e.

"Ìdùnnúolúwa," ó wí, "a tú ọ sílẹ̀."

Ó dúró, ó ń retí ẹni tí yóò dáhùn.