Iṣẹ́ Kánádà Tí Túnmiṣe Fi Pamọ́

Olúwatúnmiṣe ṣí ètò kọ̀ǹpútà kan tí àjèjì fi ránṣẹ́ sí i. Kò bi ẹnikẹ́ni kí ó tó ṣí i.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Olúṣínà ni ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village. Àwọn méjèèjì ń lọ sí ìjọ Aládùúrà kan náà ní Onígbòǹgbò. Ọ̀gá rẹ̀ ti kọ ètò kan fún ìjọ náà, èyí tí aláìsàn tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ lè fi kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé. Ìyá Àdúrà nìkan ni ó ń kà á. Túnmiṣe ni ó ń tọ́jú ètò náà, ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ inú rẹ̀ sì wà lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lò.

Orí ayélujára ni ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Reuben ti kàn sí i. Ó ní ọmọ Aládùúrà ni òun náà, pé ilé iṣẹ́ òun ní Kánádà ń wá irú rẹ̀. Ó yin iṣẹ́ rẹ̀, ó ń béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó sì ń fi sáàmù ránṣẹ́ sí i láràárọ̀. Nígbà tó yá, ó fi ètò kan ránṣẹ́ pé kí ó ṣí i, kí ó sì tún àléébù inú rẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdánwò iṣẹ́ nìyẹn.

“Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni,” ni ó kọ. “Ìwọ náà mọ ayé.”

Ohun kan náà ni ìyá Túnmiṣe ti sọ nílé. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ nípa Kánádà ni ó ti ń gbààwẹ̀. Ó ní bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí i tán, àwọn yóò jẹ́rìí nínú ìjọ. Kí ó tó dìgbà náà, kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ Túnmiṣe ni ọ̀gá rẹ̀ jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

“Túnmiṣe, o ń rẹ́rìn-ín sí kọ̀ǹpútà. Ṣé ó ti gbà láti fẹ́ ọ ni?”

Túnmiṣe rẹ́rìn-ín, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí ògiri. Ó ti ń ka àwọn ìlà tí wọ́n fi kọ ètò Reuben kí ó tó ṣí i, ó sì ti rí apá kan tí kò yé e, tí kò sì bá àléébù yẹn tan. Ó fẹ́ béèrè. Ó rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó dákẹ́, ó sì ṣí i. Kò sí ohun tó hàn. Reuben kò dá a lóhùn mọ́.

Kò pẹ́ tí ẹ̀bẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ fi ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù. Ti Olúfọlákẹ́ wà nínú wọn. Tíṣà ni, òun sì ni aṣáájú akọrin. Ó ti kọ ohun tí dókítà sọ fún un nípa ilé ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kà á, wọ́n sì ní àwọn kò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́.

Ọ̀gá Olúṣínà yẹ kọ̀ǹpútà Túnmiṣe wò, ó rí ètò tí Reuben fi ránṣẹ́, ó sì rí i pé òun ni ó jí ọ̀rọ̀ aṣínà ìjọ.

“Mo jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ náà,” ni ó wí.

“Ó ṣe mí bíi kí n bi yín, sà. Wọ́n ní kí n má sọ.”

“Wọ́n ti dán an wò lára mi rí. Ká ní mo rí i ni, ǹ bá dá a mọ̀. Ẹni tó ní kó o má bi ẹnikẹ́ni, ó mọ̀ pé ẹni tó o bá bi yóò mọ òun. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.”

Kò bú u. Ó ní kí ó kó ẹrù rẹ̀.

Túnmiṣe àti ìyá rẹ̀ lọ bẹ Olúfọlákẹ́. Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ìyá kúnlẹ̀.

“Ẹ dìde, mà,” ni Olúfọlákẹ́ wí. “Ọlọ́run nìkan ni mo sọ ọ́ fún.”

Ó ti ilẹ̀kùn. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kó padà sí Èkìtì.

Wọn kò kọ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ní ìjọ náà. Nígbà òjò, ìyá Túnmiṣe ṣàìsàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.