Ebè Ẹnu Ọ̀nà

Ìgbẹ́ adìẹ ni Caiping kọ́kọ́ mọ̀ nípa Deshun. Inú ọkọ̀ èrò ni wọ́n ti pàdé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé dé. Ọmọkùnrin náà wọlé, ó jókòó tì í, òórùn bàtà rẹ̀ sì gba ọkọ̀ náà kan láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Caiping fi ìborùn dí imú. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀?"

"Mi ò tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ la kó sí ilé ọ̀rá wa láàárọ̀ yìí, ẹ̀wà la fẹ́ gbìn."

"Ta ló máa jẹ ẹ̀wà tó ń rùn báyìí?"

"Ẹ̀wà kọ́ ló ń rùn, èmi ni."

Ẹ̀rín pa Caiping láìròtẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí nǹkan tètè máa ń rí lára ni. Bí irun orí kan bá já sínú ọbẹ̀, kò ní jẹ ọbẹ̀ náà mọ́. Bí ẹnìkan bá wúkọ́ lójú ọ̀nà, á sọdá sí òdìkejì.

Nígbà tí ẹ̀wà náà so, Deshun gbé ẹ̀kún àpò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Caiping ti ń ránṣọ. Ẹ̀wà tútù gbọọrọ ni, èyí tí wọ́n ń sè tèèpotèèpo. Ọ̀sẹ̀ kan ò sì kọjá lẹ́yìn ìyẹn kó má gbé òmíràn wá. Bí yìnyín bo títì, á wá. Ìyá Caiping, opó tó ń din àkàrà ìyẹ̀fun lẹ́bàá ọ̀nà, ti ń pè é ní ọmọ mi.

"Gbogbo ọkùnrin lò ń yínmú sí," ni ìyá náà sọ. "Bí o bá tún yínmú sí eléyìí, èmi àti ìwọ la jọ máa gbó sínú ilé yìí."

Caiping ò yínmú. Ó ti fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Ó fẹ́ràn ẹ̀rín rẹ̀ àti sùúrù rẹ̀, ó sì gbà láti tẹ̀ lé e lọ sílé kí ọdún tuntun tó dé, kí ìyá Deshun lè rí i.

Ilé ọ̀rá wọn wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wọ inú, wọ́n mọ ògiri amọ̀ tó nípọn sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá bo iwájú. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọn á tú ẹní koríko bo ọ̀rá náà kí ooru má bàa sá lọ. Òtútù ń gé èèyàn lára níta, nínú ibẹ̀ ooru ń mú bíi ti ilé ìdáná. Òdòdó ẹ̀wà tó já bọ́ sílẹ̀ ti bu, ó hu irun bí eérú, kòkòrò funfun wínníwínní sì ń fò wọ Caiping lẹ́nu. Ó tu itọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ.

"Já ẹ̀wà, kí o fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè é fún wa," ni ìyá Deshun wí fún un. "Kí n mọ̀ bóyá ebi ò ní pa ọmọ mi." Ohun tí gbogbo ìyàwó ojú ọ̀nà máa ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn.

Deshun wà lórí ògiri, ó ń tú ẹní. Caiping dá wọlé lọ já a. Ebè tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò wù ú. Kòkòrò ti lu ewé rẹ̀, èso rẹ̀ wọ́, ó sì ní àmì. Ó fò ó, ó lọ sáàárín, níbi tí ẹ̀wà ti ń dán tí kò ní àbààwọ́n kankan.

Nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ, ìyá Deshun fi ẹyọ kan sẹ́nu, ó mi orí. "Ọwọ́ rẹ dùn. Ẹ̀wà yìí mà tún dán o. Ebè wo lo ti já a?"

"Ti àárín ni, Mà. Kòkòrò ti jẹ ti ẹnu ọ̀nà."

Obìnrin náà tu tẹnu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó já abọ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n Deshun bí, ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì gbá gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Deshun rọra gbé igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀.

"Àṣìṣe mi ni, èmi ni mi ò sọ fún ọ," ni ìyá náà wí. "Ti ẹnu ọ̀nà làwa ń jẹ. Àná la fín oògùn kòkòrò sí ti àárín."

"Ìgbà wo lẹ máa wá já ti àárín?"

"Lọ́la. Ọlọ́jà ń bọ̀ wá kó o. Gbogbo abúlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Àwọn ará ìlú ò kúkú fẹ́ ẹ̀wà tí kòkòrò ti fẹnu kàn."

Ó gbé ìkòkò náà, ó lọ dà á sínú kòtò. Kò fún ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá.

Caiping sáré jáde, ó bì sórí yìnyín. Kì í ṣe oògùn ló gbé èébì rẹ̀ bí kò ṣe ìka ìyá àgbà yẹn lẹ́nu ọmọ. Deshun ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀wà tí ò ń gbé wá fún ìyá mi, ebè wo ni?"

"Ti ẹnu ọ̀nà ni, olólùfẹ́ mi. Mi ò fún yín ní ti àárín rí." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, àfi bí ẹni tó mú ìwòsàn wá. "Báwo ni mo ṣe máa fún yín nígbà tí mo fẹ́ràn yín?"

Caiping nu ẹnu rẹ̀. "Ká ní o ò mọ̀ ni, ǹ bá fi orí jì ọ́. O mọ̀. O yọ ìyá tèmi sọ́tọ̀, o wá ń já ti àárín fún ìyá ẹlòmíràn."

"Caiping mi…"

"Má fọwọ́ kàn mí. Ò ń rí mi lára."

Nígbà tó délé tó sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyá rẹ̀ fọwọ́ lérí. "Ẹni tó yọ wá nínú ewu lo fẹ́ kọ̀? Ṣé orí rẹ pé?"

"Màmá, ẹ̀wà tí ẹ máa ń rà lọ́jà kí Deshun tó dé ńkọ́, ta ló ń já a fún yín?"

Ìyá náà yí padà sídìí ìyẹ̀fun tó ń pò.

Inú Caiping bàjẹ́ púpọ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, nítorí ìríra náà ò lé ìfẹ́ lọ. Méjèèjì jọ ń gbé inú rẹ̀ ni. Nígbà tó ṣe, Deshun yọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òfo. Ó ti rù.

"Mo ti hú ẹ̀wà ebè ẹnu ọ̀nà," ló sọ. "Wá wò ó. Bí mo bá ṣì ń rí ọ lára lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní dà ọ́ láàmú mọ́."

Caiping tẹ̀ lé e. Wọ́n bá ìtàkùn ẹ̀wà nílẹ̀ tó ti rọ tèsotèso. Ìyá Deshun dúró sáàárín ilé ọ̀rá náà, ó gbé agolo oògùn pọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ìyàwó tí kò tíì wọlé ti tú ilé," ló ń sọ. "Kí ni ọmọ yìí máa wá jẹ?"

"Ohun tí à ń tà náà ni, Màmá," ni Deshun dáhùn.

"Kòkòrò á jẹ ẹ́."

"Á jẹ díẹ̀. Àwa náà á jẹ."

"Ọlọ́jà ò ní gbà á."

"A ó gbé e lọ fún ẹni tó bá máa gbà á."

Ìyá náà gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń fín oògùn sókè, ó kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ tó dúró tì í. Ó wò ó pẹ́. Ó bọ́ okùn agolo náà kúrò léjìká, ó sọ ọ́ kalẹ̀, oògùn sì ta sílẹ̀.

"Ẹ̀yìn ti dùn mí," ló wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ta ló máa bá mi gbé e jáde?"

Deshun di etí kan mú. Caiping di ìkejì. Agolo náà ń jò, ó ń yọ̀, òórùn rẹ̀ sì gun Caiping lọ́fun débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò jù ú sílẹ̀.

"Bí ọdún tuntun bá ti kọjá," ló sọ fún Deshun, "kí àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ mi."