Ohun Tí Mo Bá Ìyé Pa Mọ́

"Okún o, Ìyé," ni mo fi kí ìyá bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1956. Ó jókòó síwájú òfì rẹ̀, ó na apásá tó fi ń gbá òwú sí mi.

"Ọma mi, kí ni wọ́n ń fi igi yìí ṣe?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Obìnrin tó ti ń hunṣọ ní Kàbbà kí wọ́n tó bí bàbá mi! Ṣùgbọ́n Ìyé kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo àlejò. Mo sáré lọ pe Bàbá.

Mo mọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò mọ̀. Ní oṣù méjì ṣáájú, níbi tó ti ń hun aṣọ tí n óò wọ̀ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, apásá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò pẹ́ tó fi bọ̀ sípò, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ́yẹlé, má sọ fún bàbá ẹ. Kò ní jẹ́ kí n hunṣọ mọ́."

Mo wo aṣọ náà, ó ku díẹ̀ kó parí. Mo ní, "Ó dáa, Ìyé." Kí n má parọ́, aṣọ mi ló ká mi lára.

Láàárọ̀ tí Ìyé kò mọ apásá mọ́ yìí, èmi àti Bàbá gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà we nǹkan mọ́ ọn lápá, ó ń fún rọ́bà rẹ̀, ó sì mi orí.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ wọn ti ń dí díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ti dé nínú ọpọlọ, ibẹ̀ á kú. Ṣé ẹnu wọn ti wọ́ rí, tàbí kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu?"

"Rárá, dókítà," ni Bàbá dáhùn.

"Ó ti ṣe wọ́n rí, sà." Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Bàbá yíjú sí mi, ó la ẹnu sílẹ̀. Kò nà mí, ì bá sì sàn kó nà mí. "Oṣù méjì, Ọmọ́yẹlé?"

Dókítà ní ká ní a ti gbé e wá nígbà náà ni, bóyá oògùn àti ìsinmi ì bá ti dá àìsàn náà dúró. Èyí tó ti lọ kò ní padà.

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ Ìyé, omi ń dà lójú mi. Ó fọwọ́ pa mí lórí.

"Má sunkún mọ́. Ọma ta ni ẹ́?"

Wọ́n kọ́ gbogbo wa pé ká máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ní kí o bá òun fi àìsàn pamọ́, sáré lọ sọ ọ́. Èmi kò sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ni Ìyé tún lò láyé lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sì mọ̀ mí mọ́ títí tó fi kú.