Ìran Tí Yéjídé Kò Rí

Yéjídé pa ojú dé, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ hóró kòkó sínú apẹ̀rẹ̀.

"Eérú náà rọ̀ títí ó fi bo òrùlé. Kò sí ẹyẹ mọ́, kò sí ariwo ọkọ̀. Nígbà tí iná ìlú tó kẹ́yìn kú, àwọn tó ṣẹ́kù gbé ojú sókè, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ìràwọ̀ ti pọ̀ tó."

Àwọn obìnrin tó jókòó yí òkìtì kòkó ká ń fọ́ kòkó lọ, etí wọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n wá bá Florence, ìyá Yéjídé, ṣe ní oko rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́-Èkìtì. Nídìí ọ̀wẹ̀ kòkó, àwọn kan a máa fọ́ ọ, àwọn kan a máa yọ hóró rẹ̀, ẹnu kì í sì í dilẹ̀: ẹni tó ní ìròyìn a sọ ọ́, ẹni tó ní orin a kọ ọ́. Lọ́jọ́ yìí, ìtàn ni Yéjídé gbé wá. Ó ti sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ pé inú ìwé ni òun ti kà á, pé èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, òun ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí Èkìtì fún wọn. Ìwé náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi í sílé kí omi kòkó má baà ta sí i.

Màmá Ọdúnayọ̀ kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Opó àgbàlagbà ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Florence, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni kò sì jẹ́ kí ó tètè dé oko. Ohun tó bá ni ọmọbìnrin kan tó dijú, tó ń sọ bí ayé ṣe parí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí òun àti Florence jọ ń lọ, irú ènìyàn kan ṣoṣo ló ń dijú sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó ti rí ìran.

"Olúwa, ṣàánú," ni ó wí pẹ̀lú ohùn kékeré, ó sì jókòó.

Yéjídé fúnra rẹ̀ kò wá ìwé náà lọ. Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ ní girama. Ó máa ń sọ fún Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé ẹni tó bá ń ka ìtàn àròsọ kò tíì rí iṣẹ́ ṣe. Bọ̀ọ̀dá Adéníyì, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ló kó páálí ìwé àtijọ́ wá fún un nítorí ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì. Ìwé ìtàn náà wà nísàlẹ̀ páálí, ó nípọn, èèpo iwájú rẹ̀ ti ya kúrò. Nítorí pé ó nípọn ni Yéjídé ṣe mú un, ó fẹ́ fi tẹ àwọn ewé tó fẹ́ gbẹ fún iṣẹ́ Báyọ́lọ́jì.

Ó ṣí i ní ọ̀sán ọjọ́ kan láti wò bóyá ewé ti gbẹ, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí gbólóhùn tó sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀. Ó kà á lórí ìdúró. Ó ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà tó ń sè jóná, kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Nínú ìwé náà, obìnrin kan ń gbá kíláàsì kan ní àràárọ̀ bí kò tilẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan láyé mọ́, ẹni tó kọ ọ́ sì kọ ìró ìgbálẹ̀ yẹn lọ́nà tí Yéjídé fi ń gbọ́ ọ nínú yàrá. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun sunkún. Ta ló ní kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò gbé Èkìtì rí, mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀? Nígbà tó parí ìwé náà, ó padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ó wù ú kí ẹlòmíràn náà gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi gbé ìtàn rẹ̀ dé ìdí kòkó.

Ní ìpàdé àdúrà ọ̀sẹ̀ yẹn, Màmá Ọdúnayọ̀ dìde, ó sì sọ ohun tó gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà, ó ti dé ibùdó ọ̀kadà: ọmọ Florence rí ìran pé eérú máa bo ilẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kò ṣe àtúnṣe. Àwọn kan rò pé ìran mìíràn ni. Àwọn kan ní Ọlọ́run lè gba inú ìwé sọ̀rọ̀.

Florence, tí wọn kì í bi ní ìbéèrè kankan ní ìpàdé àwọn ìyá, di ẹni tí wọ́n ń gbé àga fún. Àwọn tó ń kọjá níwájú ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá kí i. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọbìnrin tó máa ń fi bàtà Yéjídé ṣe yẹ̀yẹ́ ń bẹ̀ ẹ́ kí ó gbàdúrà fún àwọn.

Jẹ́jẹ́ nìkan ni kò bẹ̀ ẹ́.

"Wòlíì Yéjídé," ó wí, "bá mi béèrè lókè bóyá Máàtì máa wọlé fún mi."

"Lọ kàwé rẹ."

"Ṣé ìdáhùn ọ̀run nìyẹn? Mo rò pé wọ́n máa ń ṣàánú níbẹ̀." Jẹ́jẹ́ wò ó lójú. "Kí ló dé tí o kò tíì sọ fún wọn pé inú ìwé ni?"

"Màá sọ."

Kò sọ. Ọlá náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe rò lọ, inú ìyá rẹ̀ sì ń dùn. Nígbà tí Pásítọ̀ Bámgbóyè wá sílé wọn fúnra rẹ̀, tó ní kí Yéjídé jáde síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú kí ó sọ ìran náà fún gbogbo ìjọ, ó mi orí pé òun gbà. Florence dúpẹ́ títí pásítọ̀ fi jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ rán an lọ sọ́dọ̀ Màmá Ọdúnayọ̀ pẹ̀lú ata díẹ̀. Ó bá màmá náà nídìí iná lẹ́yìnkùlé. Ìkòkò ńlá wà lórí ààrò. Àwọn iṣu tó wà nínú rẹ̀ kéré, wọ́n gé wọn sí wẹ́wẹ́, àwọn kan ti hù díẹ̀ lẹ́nu. Ìdajì àkójọ ẹ̀bù, iṣu tó wà fún gbígbìn, lábẹ́ igi ọsàn ti tán.

"Màmá, ṣé ẹ̀bù lẹ ń sè yìí?"

"Uṣu ni, ọmọ mi. Jókòó jẹ."

"Kí lẹ fẹ́ gbìn tí ẹ bá jẹ ẹ́ tán?"

"Kí n gbìn in fún eérú?" Màmá Ọdúnayọ̀ ro iná. "Ìwọ náà lo sọ ọ́. Bí ayé bá máa parí, kí ó bá mi níbi tí mo ti yó."

Yéjídé gbé ata kalẹ̀. Màmá yìí kò ní ọkọ, kò ní ọmọ nítòsí. Ẹ̀bù yẹn ni oúnjẹ rẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi. N kò rí ìran kankan. Ìtàn inú ìwé ni. Ẹnì kan ló jókòó, tó ronú rẹ̀, tó kọ ọ́."

Màmá Ọdúnayọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ pa á lórí. "Gbogbo ẹni tí Ọlọ́run bá rán ló kọ́kọ́ máa ń sẹ́. Má bẹ̀rù."

Yéjídé sáré délé. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo.

"Màámi, mo máa sọ òtítọ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú."

"Òtítọ́ wo?"

"Pé n kò rí ìran. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ rí ìwé náà lọ́wọ́ mi."

Florence kò gbé ojú sókè. "Ṣé o mọ iye ọdún tí mo fi jókòó lẹ́yìn gbogbo wọn? Sọ ohun tí o sọ lóko, kí o padà jókòó. Ta ló máa pa lára?"

"Màmá Ọdúnayọ̀ ti ń se ẹ̀bù wọn jẹ."

Ọwọ́ Florence dúró lórí àwo. "Èmi yóò bá wọn sọ̀rọ̀."

"Mo ti bá wọn sọ ọ́, wọn ò gbà. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Iwájú ìjọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, iwájú ìjọ náà ni mo ti gbọ́dọ̀ tú u ká."

"Bí o bá dójú tì mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, Yéjídé, má ṣe bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ẹ má bínú, Màámi. Mo máa sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Pásítọ̀ Bámgbóyè pè é, Yéjídé rìn lọ síwájú pẹ̀lú ìwé tí kò ní èèpo iwájú. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó dìde.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, n kò rí ìran. Ìwé yìí ni mo kà. Ìtàn inú rẹ̀ ni mo sọ nídìí kòkó."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè dákẹ́. "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Má jẹ́ kí ojú àwọn ènìyàn bà ọ́ lẹ́rù."

"Ojú wọn kò bà mí lẹ́rù, sà." Yéjídé ṣí ìwé náà. Ó ka gbólóhùn mẹ́ta jáde ní èdè òyìnbó, ó sì túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé. "Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ènìyàn bíi tiwa ló kọ ọ́. N kò tíì ka ohun tó dára tó ìwé yìí rí, n kò sì ní gba ìyìn iṣẹ́ ẹlòmíràn. Màmá Ọdúnayọ̀, kò sí eérú tó ń bọ̀. Ẹ dákun, ẹ gbin iṣu yín."

Ojú pásítọ̀ le. Ó na ọwọ́. "Mú ìwé yẹn wá. Ìwé tó bá ń da ìjọ rú báyìí, iná ló yẹ ẹ́."

Yéjídé tún kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé náà mọ́ àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé yìí kò da ẹnikẹ́ni rú. Èmi ni mo dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Bí ìyà bá wà, ẹ fi jẹ mí. N kò ní fún yín ní ìwé láti sun."

Ó dúró lórí ìkúnlẹ̀ títí pásítọ̀ fi ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Nígbà tó ń padà sí àyè rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti jáde.

Ìyà náà dé lóòótọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Wòlíì Eérú lójú pópó. Florence ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un láìsọ̀rọ̀. Màmá Ọdúnayọ̀ ní tirẹ̀ dúró níwájú ilé wọn, ó sọ ọ́ kí àdúgbò gbọ́: "Ṣé o wá jẹ́ kí n jẹ ẹ̀bù mi lásán?" Yéjídé bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun máa wá bá wọn kọ ebè lọ́jọ́ Sátidé.

Ó mú Jẹ́jẹ́ dání. Oòrùn ti ń mú nígbà tí Jẹ́jẹ́ ju ọkọ́ sílẹ̀ tó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Wòlíì, ṣé ìran rẹ kò fi hàn pé ọwọ́ mi máa bó?"

"Dákẹ́, kí o kọ ebè," ni Màmá Ọdúnayọ̀ wí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí Yéjídé. "Ẹni tó kọ ìwé náà, ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, Màmá."

"Ó dá mi lóró. Sọ èyí tó kù, kí n mọ ìdí tí mo fi pàdánù uṣu mi."

Yéjídé ń sọ ọ́ lọ nígbà tí Florence yọ ní ẹnu oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú Màmá Ọdúnayọ̀. Ẹ̀bù ló kún inú rẹ̀.

"Tèmi ni mo pín sí méjì," ó wí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú. "Pásítọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní bí o bá mú ìwé náà wá, o lè padà sínú ẹgbẹ́ akọrin."

Yéjídé gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, Màámi. N kò ní mú un wá."

"Mo mọ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn kí n tó kúrò nílé."

Florence mú ẹ̀bù kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ebè.

Ọlá tí kò tọ́ sí wa máa ń dùn mọ́ wa, nítorí náà ló ṣe ṣòro láti dá a padà. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́ gbà á, ẹlòmíràn ni yóò san án, nígbà mìíràn pẹ̀lú oúnjẹ ẹnu rẹ̀. Yéjídé dá a padà lójú gbogbo ènìyàn, ó sì di ohun tó fẹ́ràn mú lójú wọn bákan náà. Ìwé tó dára kò nílò irọ́ kí ó tó níyì, ọmọ tó sì sọ òtítọ́ lórí ìkúnlẹ̀ kò tíì tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni.