Èékánná Mẹ́sàn-án Yòókù

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó sì tún bá àlejò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń bẹ aláìsàn wò. Ọjọ́ kẹrin rèé. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo àtàǹpàkò kápẹ́ńtà tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, bí ẹni tó di ọmọ ẹyẹ mú.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó ló gé àtàǹpàkò ọ̀hún já, dókítà sì rán an padà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni kó máa gbé ọwọ́ náà sórí ìrọ̀rí, kó má jẹ́ kó tutù, kó sì máa tẹ èékánná àtàǹpàkò náà ní wákàtí wákàtí. Bó bá tẹ̀ ẹ́, á funfun. Kó tó ka ení, èjì, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ti padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ń falẹ̀, àfi bí àlejò yìí bá ti dì í mú. Dókítà sì ti sọ ọ́: bí kò bá yí padà títí di ọ̀la, òun á gé e dànù.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e o," ni kápẹ́ńtà máa ń wí. "Kápẹ́ńtà tí kò ní àtàǹpàkò, kí ló fẹ́ fi di ìṣó mú? Eyín?"

Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bèèrè orúkọ ẹni tó nawọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì náà kò bèèrè. Èékánná àlejò náà nìkan ló ṣe é ní kàyéfì lọ́jọ́ àkọ́kọ́: gbogbo wọn ló funfun bí ṣọ́ọ̀kì.

Ó tẹ àtàǹpàkò. Kó tó ka ení tán, ẹ̀jẹ̀ ti padà. Ó pupa fòò.

"Ọlọ́run ṣeun!" Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Àyè ìka kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé náà. "Wọn ò ní gé e mọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín."

Kápẹ́ńtà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ rán an sí mi ni? Mo ṣe bí òṣìṣẹ́ ibí ni."

Nọ́ọ̀sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àlejò ti dìde, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èékánná rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti pọ́n bíi ti ọmọ tuntun.

"Òtútù kàn ń mú mi lọ́wọ́ kejì ni," kápẹ́ńtà tún sọ.

Nọ́ọ̀sì ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó fa ọwọ́ kejì jáde, ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó máa wò. Kó tó tẹ èékánná àkọ́kọ́ rárá ló ti funfun. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kà á dé ẹ̀wá, ẹ̀jẹ̀ kò padà. Ó bọ́ sórí ìkejì, ìkẹta, títí dé mẹ́rin tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò tí wọ́n rán.

"Àǹtí, ó ti padà?"

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. Àlejò náà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ti móoru di ìlẹ̀kùn mú, ó jáde, ó sì rọra fà á dé.