Ẹni Tí Ó Dáhùn fún Ilé Japhet

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wo Matthias dáadáa, mo parọ́ níwájú gbogbo àdúgbò nítorí rẹ̀.

Ọdún 2009 ni. Ní Ungwan Dosa, àdúgbò kan ní ilẹ̀ Haúsá tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, àwa Yorùbá tí a wà ní òpópónà wa ní ẹgbẹ́ kan, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì papọ̀. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ìpàdé máa ń wáyé ní ọgbà bàbá mi, Alhaji Àyànníyì, tí ó jẹ́ alága. Bàbá mi á pe orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ńlá kan. Bí onílé kò bá sí níbẹ̀, ará ilé rẹ̀ nìkan ló lè dáhùn fún un: ìyàwó, àfẹ́sọ́nà, ọmọ tàbí àbúrò. Ilé tí wọ́n bá pè lóṣù mẹ́ta léraléra tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, wọ́n á fa ilà pa á. Ẹgbẹ́ ti mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́dẹ kò ní ṣọ́ ọ mọ́, ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ lọ jókòó, ẹgbẹ́ kò ní bi í léèrè.

Lọ́jọ́ náà, mo ń gbé ṣáyì, tíì gbígbóná, fún àwọn àgbà. Bàbá mi pè, "Ilé Japhet."

Bàbá Japhet ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Matthias, ọmọ rẹ̀, ló ń dúró fún ilé náà. Mo sì ń rí i láti ẹnu géètì, ó ń ti ọ̀kadà rẹ̀ tó ti kú bọ̀, òógùn bò ó. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ó wà!" ni mo pariwo.

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo ọgbà.

"Haba, Hassanat!" Ìyá Ilham, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, pàtẹ́wọ́. "Ìgbà wo lo di ará ilé rẹ̀? Àwa ò tíì jẹ ìrẹsì yín o!"

Matthias wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ta ló dáhùn fún mi?"

"Ìyàwó rẹ ni," Ìyá Ilham dá a lóhùn. "Lọ kí àna rẹ kí o tó jókòó."

Ojú tì mí débi pé mo da ṣáyì sí ara mi lẹ́sẹ̀.

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ títún fíríìjì ṣe ni Matthias ń ṣe. Fíríìjì wa bàjẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bàjẹ́ lóòótọ́.

"Àṣàkẹ́ mi," ni ó máa ń pè mí, nítorí ó ti bi ìyá mi ní oríkì mi. "Kí ló tún ṣe é lónìí?"

"Kò tutù mọ́, Àkànní."

"Fíríìjì ni àbí ìwọ?"

Bàbá mi máa ń sọ pé, "Ọmọ gidi ni Matthias. Ì bá jẹ́ Mùsùlùmí." Màmá Folúṣadé, ìyá Matthias, máa ń sọ pé, "Ọmọ gidi ni Hassanat. Ì bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì." Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ẹnu àwọn méjèèjì jáde, a sì ń fi rẹ́rìn-ín. A rò pé bí a bá ní sùúrù, ọ̀rọ̀ náà á sú wọn sọ.

Sùúrù náà kò tíì pé ọdún méjì tí ọ̀ràn ìdìbò 2011 fi dé. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì dojú ìjà kọ ara wọn, iná sọ ní ìgboro. Àbúrò Màmá Folúṣadé, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kò sì padà wálé mọ́. Bàbá mi fi Màmá àti Matthias pamọ́ sí yàrá wa fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ sójà kó wọn lọ sí Gonin Gora, níbi tí Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ sí, wọ́n sì fún wọn ní igun kan nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ìdílé mẹ́sàn-án mìíràn.

Nígbà tí Màmá ń gun ọkọ̀, kò sunkún. Ó wo gbogbo wa bí ẹni tí kò rí wa rí.

Ní oṣù karùn-ún, bàbá mi pe ilé Japhet, kò sí ẹni tó dáhùn. Ní oṣù kẹfà, bákan náà. Mo ti ń rí àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ń wá wo fèrèsé ilé náà, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn ọgbà rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Bí ilé náà bá lọ, kí ni Matthias máa padà wá síbí wá ṣe?

Ní oṣù keje, bàbá mi gbé bírò sókè. "Ilé Japhet. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

Mo gbé tíréè sílẹ̀. "Mo dáhùn fún un."

Bàbá mi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kí ni o jẹ́ sí i?"

"Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni mí. Ará ilé rẹ̀ ni mí."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ilham pàápàá wo ilẹ̀. Bàbá mi kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó ní, "O dójú tì mí. Mo kọ ọ́ nítorí pé òfin ni. Kì í ṣe pé mo gbà."

N kò bínú sí i. Inú mi ń dùn. Mo fi fóònù pe Matthias pé ilé rẹ̀ ṣì wà.

N kò mọ̀ pé ohun tí mo fi gba ilé náà sílẹ̀ ni ó máa gba Matthias lọ́wọ́ mi.

Ní oṣù kẹsàn-án, ó ní kí n wá bá òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ńlá. Ó ti rù. Ó dúró bí ẹni tó fẹ́ sá.

"Màámi gbọ́ pé o dáhùn," ni ó wí.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin Mùsùlùmí ti pa àbúrò àwọn, ilé ọkọ àwọn ló kù tí ẹ fẹ́ gbà. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ọmọ alága fi lọ kọ ara rẹ̀ mọ́ ilé."

"Èmi? Matthias, èmi?"

"Mo ti ṣàlàyé títí, ẹnu ti rẹ̀ mí. Ìbànújẹ́ ti di Màámi létí." Ó nu ojú rẹ̀. "Mùsùlùmí kan wà ní Kamazou, láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì, Waris, ará Ọ̀yọ́. Òun náà ń bẹ̀rù láti gbé ibẹ̀. Ó fẹ́ fi ilé rẹ̀ pààrọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní ẹgbẹ́ kò lè fọwọ́ sí i, nítorí ará ilé kan ti dáhùn. Àfi kí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ yọ ara rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn."

"Bí mo bá yọ ara mi ńkọ́, Àkànní? Àwa méjèèjì?"

"Màámi ti mú mi búra pé n kò ní fẹ́ ọ. Wọ́n ní bí o bá ṣì jẹ́ ará ilé wa, àwọn kò ní wọ ilé kankan. Inú kíláàsì yẹn ni àwọn máa kú sí." Ó yí ojú sí ọjà. "Wọ́n ń wúkọ́, Hassanat. Orí símẹ́ńtì ni wọ́n ń sùn."

Mo fẹ́ sọ pé n kò gbà. Bí mo bá kọ̀, ilé yóò wà níbẹ̀, bóyá lọ́jọ́ kan yóò padà wá. Mo rò ó títí mo fi délé, mo tún rò ó fún ọjọ́ méje. Gbogbo ìgbà ni mo ń gbọ́ ikọ́ Màmá.

Ní ìpàdé oṣù kẹwàá, Matthias wà níbẹ̀, Waris àti Rasheedah, ìyàwó rẹ̀, sì jókòó tì í. Bàbá mi kò wo ojú mi.

"Hassanat, ìwọ lo dáhùn fún ilé Japhet. Kí ni o jẹ́ sí i?"

"N kò jẹ́ nǹkan kan sí i," ni mo sọ. "Èmi kì í ṣe ará ilé rẹ̀."

"O kò ní ẹjọ́ lórí ilé náà?"

"N kò ní ẹjọ́ lórí ilé náà, n kò sì ní ẹjọ́ lórí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀."

Bàbá mi kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ó dá bírò dúró fún ìgbà díẹ̀, kó tó kọ ọ́.

Waris àti Matthias pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Matthias gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó dúró.

"Bá mi kí Màmá," ni mo wí. "Sọ fún wọn pé kí wọ́n máa mu omi gbígbóná sí ikọ́ yẹn."

Ó mi orí, ó lọ.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ pé Màmá Folúṣadé kú. Ìyá Ilham ló gbọ́ lọ́jà, ó rọra sọ ọ́ fún mi. Ó ní ikọ́ náà kò lọ tán, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ara wọn ni wọ́n kú sí, nínú yàrá tó ní fèrèsé méjì, ọmọ wọn sì di ọwọ́ wọn mú.

Mo bi í pé, "Ṣé wọ́n dárúkọ mi?"

"Rárá, ọmọ mi," ni Ìyá Ilham dáhùn.

Mo ní kò burú. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe inú kíláàsì ni wọ́n kú sí, mo sì sunkún títí bàbá mi fi wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí kò kanlẹ̀kùn, tí kò sì lọ.